Àtẹ́wọ́ fún Ojú Inú Àpótí

Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́?

Títí di òní olónìí, Ìbíọlá ìyàwó Laurent kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ó bi ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní Jules akọ̀wé ni. Ó bi Jules, Jules ní àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olórin ni. Ó bi àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olórin, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn ọlọ́pàá jáńdáàmù dúró sí ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn jáńdáàmù ní tiwọn, ta ni yóò lọ bi wọ́n léèrè? Ohun tó dá gbogbo ènìyàn lójú ni pé ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ní Atakpamé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, àti pé àtẹ́wọ́ ẹyọ kan yẹn ló fa gbogbo rògbòdìyàn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí.

Ọ̀gá Maurice Bàbárímisá ni wọ́n pa á fún. Òun ni alákòóso ojú ọ̀nà ní agbègbè náà, iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe é ṣáájú rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe, tí wọ́n ṣe é tán tí wọ́n lọ sílé, tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ wọn. Maurice kò fẹ́ kí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tó fi ní kí wọ́n má pe òun ní alákòóso mọ́, nítorí alákòóso ọjà wà, alákòóso omi wà. Ó ní Ojú Ìjọba Lójú Pópó ni kí wọ́n máa pe òun. Nígbà tó ronú sí i, ó rí i pé ojú kan péré ló wà nínú orúkọ yẹn, ó sì lè dà bíi pé òun fọ́ ojú kejì. Ó sọ ọ́ di Ojú Méjèèjì Ìjọba Lójú Pópó.

Ọrùn rẹ̀ ní ìpele bí abọ́ tí wọ́n tò léra. Bó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, Jules Fáwùmí akọ̀wé rẹ̀ a sì ti dọ̀bálẹ̀ kí ikùn náà tipẹ́ kí ẹni tó ni ín tó yọ. Jules yìí mọ iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá sín, Jules a ní ara orílẹ̀-èdè ti yá. Bí ọ̀gá bá tòògbé lórí àga, Jules a ní wọ́n ń ronú nípa afárá.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ayé nígbà yẹn mọ̀ pé àtẹ́wọ́ ni oúnjẹ àwọn aláṣẹ. Bí aláṣẹ bá yọ, ẹ ó dìde, ẹ ó pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dáwọ́ dúró, nítorí náà àtẹ́wọ́ a máa pẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi máa ta bí ẹni di ata mú. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ olórin àyẹ́sí tirẹ̀, animasiọ̀n ni wọ́n ń pè é, wọn a wọ aṣọ kan náà, wọn a tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọn a kọrin fún ẹni tó bá ń kọjá nínú ọkọ̀ ńlá. Ìbíọlá wà nínú ti àdúgbò wọn. Ó pọn Victoire ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn lọ síbẹ̀ débi pé ọmọ náà mọ àtẹ́wọ́ pa kó tó mọ ìjókòó.

Láti ìgbà tó ti bí ọmọ yìí ni ọkàn Ìbíọlá kì í ti í balẹ̀. Bí ewé bá jábọ́ lórí òrùlé, yóò yẹ orí ọmọ wò. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, yóò ti rí òkú rẹ̀ lọ́kàn, yóò ti sunkún, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí yóò bá òun gbé e. Ẹ má bínú sí i. Awakọ̀ Ojú Méjèèjì Ìjọba ni ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, wọ́n rán Maurice lọ sí ìlú òyìnbó pé kó lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ojú ọ̀nà tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni ti àwọn tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń wò ó bí wọ́n ti ń wakọ̀, tí wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ pa ara wọn àti ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Maurice sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àtẹ́wọ́ ìkẹyìn ló jí i, ó dìde, ó tẹrí ba sọ́tùn-ún sósì, ó rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó kó ìwé òfin tí wọ́n pín fún wọn sínú àpò, ó sì ra ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n náà, èyí tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Ìyẹn ni pé ó fowó ra àrùn, ó sì gba oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó pe gbogbo awakọ̀ jọ sí àgbàlá ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, oòrùn sì ti kàn wọ́n ní àtàrí kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

“Ẹ̀yin awakọ̀,” ni ó wí, “ojú yín kì í ṣe tiyín mọ́. Láti òní lọ, ojú yín ti di dúkìá ìjọba. Ibi tí ìjọba bá ní kó wò ni kó wò.”

Ó wá ka òfin jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so nǹkan kan mọ́ dígí inú ọkọ̀, ì báà ṣe rósárì, ì báà ṣe ońdè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni kí wọ́n ha kúrò, nítorí awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fẹ́ kà á. Ẹnì kan rọra sọ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò mọ̀wé. Maurice ní ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù, wọn ó pẹ́ lórí rẹ̀. Obìnrin tó bá ru ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà kò gbọdọ̀ rìn ní ìrìn ẹ̀yẹ. Ewúrẹ́ tó bá ń jẹko nítòsí kò gbọdọ̀ gbé orí sókè wo awakọ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ kí ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ dáhùn bí ènìyàn bá kí i. Èyí tó kẹ́yìn ni ó wá kà jáde pẹ̀lú ohùn ńlá, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àpótí tí àwòrán ti ń rìn sínú ọkọ̀, àfi bí àwòrán náà bá jẹ́ ti aláṣẹ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ wá sọ fún mi, nínú gbogbo ilẹ̀ Atakpamé, ta ló ní tẹlifíṣọ̀n tó lè wọ inú ọkọ̀? Ẹnì kan ni. Òfin tí ẹnì kan ṣoṣo lè rú ni, ẹni náà ló sì kà á.

Òfin kíkí ló kọ́kọ́ wọ ilé Ìbíọlá. Laurent wa ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Moretan ní ọjọ́ ọjà, Ọ̀ṣuntókí, bàbá Ìbíọlá, sì wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà, ó dá ọkọ̀ mọ̀, ó dìde, ó na ọwọ́. Laurent kọjá lọ bí òkúta. Àna ẹni. Nílẹ̀ Ifẹ̀ tiwa ní ìhà Atakpamé yìí, bí ọkùnrin bá ru igi, tó rí bàbá ìyàwó rẹ̀, yóò sọ igi náà kalẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Ìbíọlá lọ, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé títí pé ọkọ òun kò gbéraga, òfin ni.

“Òfin ta ni?”

“Ti Ojú Méjèèjì Ìjọba Lójú Pópó ni, bàbá.”

Bàbá Ọ̀ṣuntókí gbọn tábà dànù. “Ojú méjèèjì,” ni ó wí, “kò sì rí èmi.” Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, yóò yí àga rẹ̀ padà, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, kó lè jẹ́ pé òun náà ò rí wọn.

Kò pẹ́ sí i, àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n láti Lomé ń gba ojú ọ̀nà wa lọ sí ìhà àríwá. Maurice dá wọn dúró, ó fún wọn ní ẹyẹ ẹtù, ó fún wọn ní iṣu, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya òun níbi tí òun ti ń ṣí aṣọ lójú pátákó ọ̀nà tuntun kan ní Anié. Ó ṣí aṣọ, ó dá a padà, ó tún un ṣí. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́, ikùn òun kò tíì múra. Ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ lé èjìká tẹ̀lé e káàkiri, ó ní ó ti dára, wọn ó rí i láìpẹ́.

Ni Maurice bá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sórí tábìlì ní àgbàlá ọ́fíìsì, ó pe gbogbo ìlú wá jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òkè Atakpamé sì wà láàárín wa àti ibi tó ti ń bọ̀. Ohùn kò dé, àfi ṣàà bí òjò lórí páànù. Ojú rẹ̀ ń hó bí ìgbà tí wọ́n da eérú sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo ènìyàn tẹjú mọ́ eérú. Nígbà tó ṣe, orí kan yọ nínú rẹ̀, ọrùn nípọn lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ méjì ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń la ọ̀rọ̀ fún àwọn aláìgbọ́n.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́.

Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo àgbàlá ti wà lórí ìdúró. Jules sunkún. Maurice dìde, ó tẹrí ba fún àwọn ènìyàn, ó yíjú padà, ó tún tẹrí ba fún ara rẹ̀ nínú àpótí. Ẹnì kan bèèrè ìdí tí àwòrán fi ń gbọ̀n, Jules ní ìbẹ̀rù ọ̀gá ló ń gbọ̀n ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, orí náà tún yọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó tún yọ. Maurice wá mọ̀ dájú pé orílẹ̀-èdè kò lè sùn mọ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun nípa pátákó.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé alákòóso ojú ọ̀nà ní láti wà lójú ọ̀nà nígbà mìíràn, kò sì fẹ́ kí òun yọ lẹ́yìn òun. Ó ní kí wọ́n de tẹlifíṣọ̀n mọ́ iwájú ọkọ̀ Pijó funfun ìjọba, láàárín dígí àti awakọ̀. Ọ̀nà tí Laurent ń rí kò ju èyí tí màlúù tí wọ́n fi àpò bò lójú ń rí lọ. Ó tún yí àkókò iṣẹ́ padà, ọ́fíìsì kò ṣí mọ́ títí oòrùn yóò fi rọ̀, kí wọ́n lè máa yẹ ọ̀nà wò ní àkókò tí ojú rẹ̀ ń yọ. Àwọn akọ̀wé sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń sùn níwájú ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde báyìí, orí náà yọ. Maurice jókòó lẹ́yìn, ó ń dúró de nǹkan kan. Kò gbọ́ ọ.

“Laurent, ṣé o ò rí mi ni?”

“Mo rí yín, ọ̀gá.”

“Kí ló dé tí n kò gbọ́ àtẹ́wọ́?”

Laurent ní ọwọ́ òun wà lára ọkọ̀.

“Ọwọ́ ta ni?”

“Ọwọ́ mi ni, ọ̀gá.”

“Ojú rẹ ti di ti ìjọba,” ni Maurice wí, “ọwọ́ rẹ wá ṣẹ́kù ní tìrẹ?”

Laurent gbìyànjú kó máa fi ọwọ́ kan lu itan. Maurice ní ẹ̀fọn ni wọ́n ń pa bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ó di pé ọwọ́ méjèèjì ń pàtẹ́wọ́, orúnkún ló ń darí ọkọ̀.

Nígbà tí Laurent dé ilé, ó jókòó lórí àpótí ìdáná, ó fi orúnkún di asẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń pàtẹ́wọ́ lókè. Ìbíọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ rò pé orí ọkọ òun ti dàrú. Nígbà tó gbọ́ àlàyé, ó rí i pé orí ẹlòmíràn ló dàrú, ti ọkọ òun kàn wà lábẹ́ rẹ̀ ni.

“Bàbá Victoire,” ni ó wí, “ṣé orúnkún ni yóò máa gbé ẹ bọ̀ wálé fún mi?”

Laurent ní bí òun bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́. Ìbíọlá ní kó jẹ́ kó bọ́. Laurent ní kí ni ọmọ yóò jẹ. Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ orúnkún, ó yí lọ sábẹ́ ibùsùn, Victoire sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Láti ìgbà náà, ohun tí Ìbíọlá ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ojú náà má yọ. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀bẹ̀ fún òjò. Òun a máa bẹ̀bẹ̀ kí òkè ga sí i.

Nígbà tó yá, Maurice ní òun fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ní Anié, nítorí láti ìgbà tí òfin òun ti jáde, ọkọ̀ kankan kò forí sọ ara wọn mọ́. Òtítọ́ ni. Àwọn awakọ̀ ti sá kúrò lójú ọ̀nà náà, inú igbó ni wọ́n ń gbà. Wọ́n kó ẹgbẹ́ olórin Ìbíọlá lọ sí Anié nínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n tò wọ́n sẹ́bàá ọ̀nà láti ọ̀sán gangan. Céline tó jẹ́ aṣáájú orin tò wọ́n ní gíga ní gíga, ó fi Ìbíọlá síwájú nítorí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ àtẹ́wọ́ pa. Ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n dúró sí, àwọn ará Anié gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n ti ń po ẹrẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọ ilé. Ẹrẹ̀ náà ti pò dáadáa, ó ń dán.

Oòrùn ń rọ̀ nígbà tí Pijó yọ láti ìhà Atakpamé. Céline gbé orin. Ìbíọlá kò gbọ́ orin, ojú rẹ̀ wà lára dígí iwájú ọkọ̀. Ó rí orí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó rí i tí ìmọ́lẹ̀ funfun tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ láti inú àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n gòkè.

Ọkọ̀ náà fi ọ̀nà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí nǹkan nínú ilé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn olórin kọjá, ó wọ inú kòtò ẹrẹ̀ lọ pẹ̀lú ìró kan bí ìgbà tí òkèlè ńlá bá wọ ọ̀fun. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ojú Méjèèjì Ìjọba jáde wá nínú aṣọ funfun, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó rì dé àyà.

Báwo ni àwọn ará Anié yóò ṣe ṣe? Aláṣẹ ti yọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Maurice ní kí wọ́n fa òun jáde, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àjọyọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n túbọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n rò pé ó ń juwọ́. Bó ti ń rì tó ni àtẹ́wọ́ ń le tó. Kò sí ẹni tó lè fà á, nítorí kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìbíọlá nìkan ló kúrò lórí ìlà. Ó wọ inú ẹrẹ̀ tòun tọmọ, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó bá ọkọ rẹ̀ níjòókòó, iwájú orí rẹ̀ bó díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó fà á jáde bí ẹni fa iṣu. Ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó yẹ egungun ìhà rẹ̀ wò, ó yẹ ọmọ wò, ó tún yẹ ọrùn rẹ̀ wò.

Ìgbà tí àtẹ́wọ́ rẹ àwọn ará Anié ni wọ́n tó fa Maurice jáde. Ẹ rò pé ó tán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn jáńdáàmù wá de Laurent. Wọ́n ní ó gbé ojú ìjọba kúrò lójú ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ ìjọba kúrò lára ọkọ̀ ìjọba, ó sì da ẹrẹ̀ sí ara aláṣẹ. Ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀, èyí tí ọmọ ẹ̀yìn yóò ti dàgbà kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ìbíọlá sáré lọ bá Jules, ó kúnlẹ̀, ó ní kó sọ òtítọ́ tó mọ̀. Jules gbé e dìde tìfẹ́tìfẹ́.

“Ìyá Victoire,” ni ó wí, “omi ni ẹ̀bi. Ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣàn sí. Ọkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀.”

Nítorí ọkọ̀ ìjọba tó bàjẹ́, Ọ̀gá Àgbà kan wá láti Lomé láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Àárọ̀ ló dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó jókòó. Maurice kí i káàbọ̀, ìkíni náà gba gbogbo àárọ̀. Jules kí i káàbọ̀ ní orúkọ àwọn akọ̀wé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Maurice dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún oúnjẹ náà. Nígbà tí wọ́n máa fi mú Laurent jáde tòun ti okùn lọ́wọ́, òjìji ilé ti gùn dé ìdajì àgbàlá, Ọ̀gá Àgbà sì ti yán títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Maurice sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní kí awakọ̀ náà pàtẹ́wọ́, ìwà àìnísùúrù ara rẹ̀ ni. Jules jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ti yé òun, kí wọ́n mú ọkùnrin náà lọ.

Ìbíọlá kò mọ ìgbà tó dìde. Tábìlì tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n náà sí wà níwájú, wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ bátìrì, nítorí Maurice kò fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ lásán.

“Ọ̀gá Àgbà, ẹ dákun,” ni ó wí, “èmi ò mọ òfin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan àpótí yìí. Bí ojú náà bá yọ, tí ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo níbí tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan, kí ẹ máa mú ọkọ mi lọ.”

Ọ̀gá Àgbà, tí gbogbo rẹ̀ ti sú láti ìgbà ìkíni, ní kí wọ́n tan án. Maurice gan-an ló sáré lọ tẹ̀ ẹ́.

Ṣàà. Eérú. Ìbíọlá, tó ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí kí ojú náà má yọ, ń bẹ̀ ẹ́ báyìí kó yọ, ó sì ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run lè máà mọ èyí tí yóò ṣe. Eérú ń hó. Jáńdáàmù fa okùn Laurent díẹ̀. Nígbà náà ni orí náà yọ, pẹ̀lú ọrùn rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń lọ sókè sódò.

Àgbàlá dìde gbìrì. Jules pàtẹ́wọ́. Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Jáńdáàmù tó di okùn mú jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Laurent, tí wọ́n de ní ọrùn ọwọ́, fi ìka pa tirẹ̀. Victoire na ọwọ́ jáde lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìbíọlá fúnra rẹ̀, tó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é, bá ọwọ́ òun nínú rẹ̀. Maurice gbàgbé ẹjọ́, ó bọ́ síwájú, ó tẹrí ba fún gbogbo wọn, ó sì kọ ìdí sí àlejò.

Ẹnì kan ló wà ní ìjókòó, Ọ̀gá Àgbà láti Lomé. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ tán. Kò tán. Ó wúkọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ìgbà tó lu tábìlì ni wọ́n tó rántí rẹ̀.

“Èyí tí ẹ pa fún mi láàárọ̀,” ni ó wí, “bí ẹni ń lé eṣinṣin ni. Ta ni ẹ ń pa èyí fún?”

Ó yẹ kí Maurice sọ pé ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ọlọ́gbọ́n yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn kọjá ibi tí ọgbọ́n ń gbé.

“Èmi ni, Ọ̀gá Àgbà,” ni ó wí. “Ojoojúmọ́ ni.”

Ọ̀gá Àgbà wo àpótí. Ó wo Maurice. Ojú rẹ̀ rọ, ohùn rẹ̀ sì wá kéré bíi ti ọmọ tí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀. “Ojoojúmọ́,” ni ó wí. “Wọn kò tíì fi èmi hàn rí lẹ́ẹ̀kan.”

Kò dá ẹjọ́ kankan lórí ọkọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ orúnkún, kò sọ̀rọ̀ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ì bá di aláìní bàbá. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ tóbi tó báyìí kò yẹ ní agbègbè kékeré. Jules, tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ewé tó mọ̀ ọ́n, ti yí padà, ó ti kọjú àtẹ́wọ́ rẹ̀ sí Ọ̀gá Àgbà, gbogbo àgbàlá sì bá a yí. Bí Maurice Bàbárímisá ṣe ṣubú nìyẹn, láìgbọ́ ìró kankan ju àtẹ́wọ́ lọ. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ àwókù ilé ẹ̀rọ àwọn Jámánì ní Kamina, níbi tí irin tó ti dípẹtà àti aláǹgbá wà. Àwọn tó lọ síbẹ̀ ní ó ń pàṣẹ fún àwọn aláǹgbá, wọ́n sì ń mi orí fún un.

Bí Ọ̀gá Àgbà ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó rí Laurent, ó bèèrè ohun tí ẹni yìí tún ṣe. Jules fò fẹ̀rẹ̀, ó ní òun ló wa Maurice sínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó ní kí wọ́n tú ọkùnrin dáadáa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Okùn náà le, eyín ni Ìbíọlá fi tú u. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wálé, Laurent gbé ọmọ, Ìbíọlá sì di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú títí dé ilé, kò jẹ́ kó fi ṣe nǹkan kan.

Ọdún gorí ọdún. Céline fẹ́ ọkọ kan ní Lomé, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tó gba Anié kọjá lọ́jọ́sí. Níbi ìsìnkú kan ní Atakpamé ni ó ti sọ ọ́ fún Ìbíọlá, nígbà tí wọ́n ń fọ abọ́ pọ̀, pé fíìmù ti tán nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n ya Ọ̀gá Maurice, ẹtù tó fún wọn ló jẹ́ kí ojú tì wọ́n láti sọ. Wọn kò fi í hàn rí. Ọkùnrin tó ń yọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, dókítà ẹran ni, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ikọ́ adìẹ.